Ẹ ṣírò òru kí ẹ tó ra pánẹ́ẹ̀lì: ọ̀rọ̀ lórí fíríìjì káàǹpù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan kọ̀wé sí abala yìí láìpẹ́ yìí pé ẹ̀tàn pọ́ńbélé ni sólà tí wọ́n ń tà káàkiri Abẹ́òkúta, pé fíríìjì kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ òun gbé lọ sí káàǹpù lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá dákẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru àkọ́kọ́, tí ẹja inú rẹ̀ sì ti ń rùn kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n. Ó ní kí kálukú padà sídìí kúlà àti áìsì bulọ́ọ̀kù. Àwa tí à ń fi iṣẹ́ sólà jẹun kò bá a jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tó di ẹ̀bi rù la fẹ́ bá a yẹ̀ wò.

Aago mẹ́ta òru yẹn gan-an ló tú àṣírí. Ká ní pánẹ́ẹ̀lì ló kéré ni, fíríìjì ò ní kú lóru àkọ́kọ́, nítorí iná tí wọ́n ti gbà sínú bátìrì láti ilé ló ń lò lóru ọjọ́ náà. Pánẹ́ẹ̀lì tó kéré a máa pa fíríìjì lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nígbà tí ohun tí wọ́n ń fà jáde nínú bátìrì bá ti ń ju ohun tó ń wọlé lọ. Èyí tó bá kú lóru àkọ́kọ́, ẹ wo bátìrì, ẹ wo wáyà, ẹ sì wo irú fíríìjì tí wọ́n rà. Kò sí èyí tí fífi pánẹ́ẹ̀lì kún un lè wò sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kọ́kọ́ ń sọ pé kí ènìyàn lọ fi kún.

"Pánẹ́ẹ̀lì mélòó ló lè gbé e?" Ohun tí oníbàárà ń bèèrè ní gbogbo ìsọ̀ nìyí. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni bí òru ṣe gùn tó lójú pánẹ́ẹ̀lì. Lójú tiwa, ilẹ̀ ń mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ó sì ń ṣú ní bí aago méje. Lójú pánẹ́ẹ̀lì, òru ti bẹ̀rẹ̀ láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nítorí iná tó ń mú wá ṣáájú aago mẹ́sàn-án àti lẹ́yìn aago márùn-ún kò tó nǹkan. Wákàtí 16 ni bátìrì nìkan yóò fi dá fíríìjì gbé. Òun la gbọ́dọ̀ ṣírò ká tó dárúkọ pánẹ́ẹ̀lì rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú fíríìjì onílítà 40 tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mú un tutù), tó ń lo fóòtì (volt) 12, tí wọ́n kọ 45W, ìyẹn wáàtì 45, sí lára. Kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Á ṣiṣẹ́, á sinmi. Bí ẹ bá yí i sí dígíríì 4, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti tutù tẹ́lẹ̀, nínú ooru dígíríì 32 tàbí 33 tó máa ń mú wa lọ́sàn-án, ìdajì àkókò ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́. Lóru tí ara bá tù ú, ó lè dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ sọ 45 di ìlọ́po 16, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: òru gba wáàtì-wákàtí 240 (wáàtì tí nǹkan ń jẹ lọ́nà iye wákàtí tó fi jẹ ẹ́). Ẹ sọ 45 di ìlọ́po 8, kí ẹ pín in sí méjì: ọ̀sán gba 180. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420. Ẹ kúkú pè é ní 500, torí wọ́n á máa ṣí i, wọ́n á sì máa kó nǹkan sí i. Bí ẹ bá pín 500 sí 12, ẹ ó rí nǹkan bí 42. Iye Ah (ámpù-wákàtí, tí wọ́n fi ń wọn iná inú bátìrì) tí fíríìjì yóò jẹ lára bátìrì láàárín ọjọ́ kan nìyẹn. Bí ẹ bá yí i sí dígíríì 18 sísàlẹ̀ òdo kí ó lè dì gbagidi, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi mọ́, ìṣirò náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Àwọn ènìyàn máa ń pariwo lé ọmọdé lórí pé kó má ṣí fíríìjì. Ariwo yẹn pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Fíríìjì tí ìdérí rẹ̀ wà lókè kì í jẹ́ kí òtútù dànù bí èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, torí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí. Ohun gbígbóná tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ni kí ẹ bá jà. Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, lítà 10 lápapọ̀. Láti mú lítà 10 omi kúrò ní dígíríì 30 wá sí 5, ooru tí ẹ máa yọ kúrò nínú rẹ̀ tó wáàtì-wákàtí 290. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré lè yọ ooru tó ju iná tó ń jẹ lọ, bíi ìlọ́po kan ààbọ̀ nígbà tí ìta bá gbóná, nítorí náà iná tí àpò omi kan yẹn máa gbà yóò sún mọ́ 200. Ẹ rántí pé 240 ni gbogbo òru. Ẹni tó bá wá ju àpò píọ̀ wọ́tà gbígbóná sínú fíríìjì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti jẹ iná òru kan tán kí ó tó lọ sùn.

Ilé ni kí ẹ ti mú nǹkan tutù. Ẹ fi iná ilé tan fíríìjì káàǹpù náà ní òfìfo fún bí wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ kó ẹran àti ẹja tó ti dì láti inú fíríìsà sí i, kí ẹ sì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dídì mẹ́rin tàbí márùn-ún há àlàfo tó bá kù. Ẹ̀yin tó ń pa ẹja létí omi Ọ̀yán, ẹ jẹ́ kí ẹja tuntun kọ́kọ́ wọ inú kúlà tó ní yìnyín kí ó tó wọ fíríìjì.

Irú fíríìjì wá ńkọ́? Oríṣi kan wà tí kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rárá. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí ẹ lè fi yí i láti tutù sí gbígbóná, ẹ kò sì ní gbọ́ ju ìró fáànù lọ. Kúlà oníná lásán ni. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kí ó má rùn igbẹ́: ohun tí irú èyí lè ṣe ni kí ó fi bí dígíríì 15 sí 20 tutù ju ìta lọ. Bí ìta bá jẹ́ 33, inú rẹ̀ á wà láàárín 13 sí 18. Ibi tí kò tó dígíríì 5 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí á fi tọ́jú ẹran àti ẹja. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í sinmi. Bí wọ́n bá kọ 50W sí i lára, 50W náà ni yóò máa jẹ tọ̀sán-tòru, èyí tó jẹ́ 1,200 láàárín wákàtí 24. Ó jẹ ju ìlọ́po méjì fíríìjì gidi lọ, ẹja sì tún bàjẹ́. A fura pé irú èyí ni wọ́n gbé lọ sí káàǹpù yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sọ ọ́.

Àwọn mìíràn á ní kò burú, àwọn á kúkú gbé fíríìjì kékeré ilé, àwọn á so ó mọ́ inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹun. Èyí tí kò tóbi náà lè jẹ wáàtì 10 sí 20 lásán, kódà nígbà tí fíríìjì bá ń sinmi. Ẹ fi 15 ṣírò rẹ̀ fún wákàtí 16 yẹn, ẹ ó rí 240. Ìyẹn ni pé inverter jẹ iye kan náà tí fíríìjì káàǹpù máa jẹ lóru, láì tíì mú ohunkóhun tutù. Fíríìjì ilé a tún máa fa iná bí ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ibẹ̀ sì ni inverter kékeré ti máa ń ké gbè. Èyí tó ń lo fóòtì 12 tààrà ni kí ẹ rà.

Ká wá sórí bátìrì. Bátìrì mọ́tò kò wà fún iṣẹ́ yìí. Irin inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wà kí ó lè tú iná púpọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi jí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń fà á dé ìdajì lóòrèkóòrè, kò ní pẹ́ tí kò ní lè jí ọkọ̀ mọ́. Bátìrì olómi tàbí onígèlì tí wọ́n ṣe fún sólà lè fara dà á, àmọ́ ìdajì rẹ̀ náà ni kí ẹ máa lò. 100Ah di 50Ah, nǹkan bí wáàtì-wákàtí 600, ó sì tó kílò 28 tàbí 30 láti gbé. Èyí tókunbọ̀, ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ọdún tó ti lò níbi tó ti wá ni kí ẹ bèèrè. Ooru náà ń jẹ ayé bátìrì wọ̀nyí: ní gbogbo dígíríì 10 tó bá fi ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí bí ìdajì. Nítorí náà kì í ṣe inú bùútù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ni ẹ máa gbé e sí.

Lítíọ̀mù tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára ló bá káàǹpù mu jù lójú tiwa, bí owó bá wà. 100Ah rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,280, ẹ sì lè lo 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìyẹn lé ní 1,000: odidi ọjọ́ méjì láìsí oòrùn. 50Ah rẹ̀ á fúnni ní bí 510, tó jẹ́ ọjọ́ kan géérégé. Fún òpin ọ̀sẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, 50Ah tó; bó bá jẹ́ oṣù keje tàbí ìkẹjọ tí òjò ń ṣú lójoojúmọ́, ẹ má lọ pẹ̀lú ohun tó kéré sí 100Ah. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ fi dá ojúlówó mọ̀. 100Ah gidi máa ń tó kílò 10 sí 13. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan gbé e tó fúyẹ́ bí kílò 5, ohun tí wọ́n kọ sí i lára kò sí nínú rẹ̀.

Wáyà ló yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni fíríìjì tó dára àti bátìrì tó dára ti ń ṣubú. Fíríìjì káàǹpù ní ẹ̀ṣọ́ kan nínú: bí fóòtì bá ti já sísàlẹ̀ ju iye kan lọ, yóò pa ara rẹ̀ kí bátìrì má baà bàjẹ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí H, M, L (gíga, àárín, ìsàlẹ̀). H máa ń tètè pa á, fún bátìrì tó ń jí mọ́tò nìyẹn. L máa ń pẹ́ kí ó tó pa á. Fóòtì tó bá dé ẹnu fíríìjì lẹ̀ṣọ́ yìí ń wò, kì í ṣe fóòtì tó wà lórí bátìrì.

Ẹ wá wò ó. Bátìrì wà lábẹ́ ìbòrí ọkọ̀, fíríìjì wà nínú àgọ́, wáyà 1.5 ni wọ́n fi so wọ́n (nọ́ńbà yìí ń sọ bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó), mítà 5 ni gígùn rẹ̀. Iná lọ, iná bọ̀, mítà 10 nìyẹn. Bí fíríìjì bá ń fa ámpù 5, fóòtì bí 0.6 ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá gbéra tó fa tó 10, ó lé ní fóòtì 1. Bátìrì olómi tó bá kù ìdajì ń fi 12.2 hàn bó bá sinmi, ó sì tún máa lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ ẹrù. Ohun tó máa dé ẹnu fíríìjì á sún mọ́ 11. Ẹ̀ṣọ́ á pa á. Bó ti kú báyìí, ẹrù kúrò lórí wáyà, fóòtì gòkè padà, fíríìjì á tún gbìyànjú, á tún kú. Ẹni tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa gbọ́ "tà" lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, E1 tàbí F1 á máa yọ lójú rẹ̀, bátìrì sì wà níbẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ ṣì kù. Fíríìjì aago mẹ́ta òru pọ̀ tó jẹ́ pé wáyà ló pa á.

Bí ẹ bá fi wáyà 6 rọ́pò 1.5 yẹn, òfò 0.6 á di bí 0.14. Wáyà 4 náà kò burú bí ọ̀nà kò bá jìn, bíi 0.2. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà kí ẹ tó sanwó: bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú ni, òfò rẹ̀ á sì ju ti bàbà gidi lọ dáadáa. Ihò tí wọ́n ń ki ohun ìtanná sìgá bọ̀ nínú ọkọ̀ ni ibòmíràn tí iná ń ṣòfò sí. Irin ẹnu rẹ̀ ń jókòó lórí súpíríìnì, ó máa ń tú bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, á gbóná, ike rẹ̀ á sì yọ́. Ẹ ní kí rìwáyà gé e kúrò, kí ó fi tẹ́míná olóruka so wáyà fíríìjì mọ́ bátìrì tààrà, pẹ̀lú fíúsì 15A lórí pọ́sítíìfù, tí kò jìnnà sí bátìrì ju gígùn ọwọ́ kan lọ. Fíúsì yẹn kì í ṣe fún fíríìjì, wáyà ló ń ṣọ́. Bátìrì lítíọ̀mù tí wáyà rẹ̀ bá kanra lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nínú koríko gbígbẹ oṣù kìn-ín-ní, ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀lé e.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju mítà kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn fóòtì lọ. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹ wọn fóòtì lórí tẹ́míná bátìrì, ẹ wọn ọ́n ní ẹnu fíríìjì. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju 0.5 lọ, wáyà tàbí ojú ìsopọ̀ ni. Ẹ fọwọ́ tọ́ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò, èyí tó bá gbóná ló ní ẹjọ́.

Ní báyìí, ẹ lè wá béèrè pánẹ́ẹ̀lì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí ara pánẹ́ẹ̀lì wà ní dígíríì 25. Lórí pápá níbí, ní aago kan ọ̀sán, ara rẹ̀ á lé ní 60. Ní gbogbo dígíríì kan tó fi ju 25 lọ, á pàdánù bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 60, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, ẹ fi òfò wáyà kún un, kí ẹ ka 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Oòrùn kíkún tí à ń rí níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lóòjọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó lè já sí bíi mẹ́ta nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú ní oṣù keje àti ìkẹjọ. 200W á wá fúnni ní nǹkan bí wáàtì-wákàtí 630 lóòjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, 420 nínú òjò. 100W jẹ́ 315 nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, kò gbé fíríìjì tó ń jẹ 500. Nítorí náà 200W ni ìbẹ̀rẹ̀. Nínú òjò, bátìrì ńlá ni yóò máa dí àlàfo tó kù.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì tó ń ká bí ìwé, ẹ mú téèpù dání lọ rà á. Pánẹ́ẹ̀lì òde òní ń fúnni ní bí wáàtì 200 sí 220 lórí mítà kan níbùú lóròó. Bí wọ́n bá kọ 200W sórí ohun tí gbogbo ojú rẹ̀ kò ju ìdajì ìyẹn lọ, 100W ni.

Wọ́n á ní kí ẹ dojú rẹ̀ kọ gúúsù. Lórí òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta wà ní bí dígíríì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, láti àárín oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí wa. Ẹni tó bá fi pánẹ́ẹ̀lì kọ gúúsù ní káàǹpù oṣù kẹfà, ẹ̀yìn ló kọ sí oòrùn. Káàǹpù kì í ṣe òrùlé, ẹ lè gbé e kiri: kó dojú kọ ìlà-oòrùn láàárọ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́sàn-án, kó kọ ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́. Ẹ fi nǹkan gbé e sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ sì máa ṣọ́ òjìji. Ẹ̀ka igi kajú kan ṣoṣo tó bá da òjìji bo ìlà kan lára rẹ̀ lè gé iná rẹ̀ sí ìdajì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ńṣe ni wọ́n to àwọn ojú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn.

Létí omi Ọ̀yán tí wọ́n dí ní 1983, oòrùn kò ṣọ̀wọ́n, ibòji ló ṣọ̀wọ́n. Pánẹ́ẹ̀lì á gbádùn ibẹ̀, fíríìjì kò ní gbádùn. Ẹ fi tapólì ṣe ibòji fún fíríìjì, kí ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ́ ooru jáde rí àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ má sì gbé e sórí àpáta tó ti gba oòrùn látàárọ̀, torí àpáta náà á ṣì máa gbóná títí dalẹ́. Níwọ̀n bí pánẹ́ẹ̀lì ti wà nínú oòrùn tí fíríìjì wà ní ibòji, wáyà gígùn kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Kí ó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì. Kọ̀ńtírólà, bátìrì àti fíríìjì, kí wọ́n jọ wà nítòsí ara wọn. Bó bá jẹ́ 100W méjì lẹ ní, tí kọ̀ńtírólà sì jẹ́ MPPT (irú tó ń sọ fóòtì gíga pánẹ́ẹ̀lì di ámpù púpọ̀ sí i fún bátìrì), ẹ so wọ́n tẹ̀lé ara wọn: fóòtì á di ìlọ́po méjì, ámpù á dín sí ìdajì, òfò lórí wáyà kan náà á sì dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Irú kọ̀ńtírólà wo ni kí ẹ rà, MPPT tàbí PWM tí kò ní ọgbọ́n yẹn? Fún pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó jẹ́ fóòtì 18, PWM ṣeé lò, á kàn pàdánù díẹ̀. Ibi tó ti ń di wàhálà ni ìgbà tí ẹnì kan bá tú pánẹ́ẹ̀lì 550W sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, tó so ó mọ́ PWM kékeré àti bátìrì fóòtì 12. PWM máa ń fa fóòtì pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí ti bátìrì ni. Pánẹ́ẹ̀lì yẹn ń ṣiṣẹ́ ní bí fóòtì 41 àti ámpù 13. Nígbà tí 41 bá di 13, iná tó ń wọlé kò ní ju wáàtì 170 lọ nínú 550. Èyí tó tún burú ni pé bí kò bá tíì sí ẹrù lórí rẹ̀, fóòtì rẹ̀ lè sún mọ́ 50, ọ̀pọ̀ kọ̀ńtírólà kékeré kò sì lè gba ìyẹn, á jó. MPPT ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, PWM tí wọ́n kàn tẹ MPPT sí lójú. Ojúlówó wúwo, torí kọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn ámpù tó ń wọlé láti pánẹ́ẹ̀lì àti èyí tó ń lọ sínú bátìrì nígbà tí bátìrì kò tíì kún: bí èyí tó ń wọ bátìrì kò bá ju ti pánẹ́ẹ̀lì lọ, tí fóòtì pánẹ́ẹ̀lì sì ga ju ti bátìrì dáadáa, kì í ṣe MPPT.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ńtírólà, kí pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ẹ yan irú bátìrì tẹ́ ẹ ní lójú kọ̀ńtírólà: lítíọ̀mù fẹ́ 14.2 sí 14.6, kò sì fẹ́ ìgbà tí kọ̀ńtírólà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti fóòtì bátìrì olómi ga kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ètò yẹn lójú kọ̀ńtírólà. Bátìrì olómi kò gbọ́dọ̀ wà nínú àgọ́ tí ènìyàn ń sùn sí, nítorí gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná.

Ohun kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń ṣe. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́rin, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ń mú iná wá ju ohun tí bátìrì nílò lọ, wọ́n á yí fíríìjì sísàlẹ̀ sí dígíríì 4 tàbí 5 lábẹ́ òdo. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti ń yọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bó bá di aago márùn-ún, wọ́n á yí i padà sí 4. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á pẹ́ kó tó tún gbéra lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí yìnyín ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Kìkì pé ẹ̀fọ́ àti tòmátò kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, òtútù á pa wọ́n.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé kí ẹ tó lọ. Ẹ gba iná sí bátìrì kó kún, ẹ kó ẹrù tútù sí fíríìjì, ẹ so ó pẹ̀lú wáyà tẹ́ ẹ máa gbé lọ gan-an, kì í ṣe òmíràn. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ cháájà, ẹ má so pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi í sílẹ̀ di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kí inú fíríìjì ṣì wà ní 5 tàbí kó dín. Ẹ pa fíríìjì, kí bátìrì sinmi fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ wá wọn fóòtì rẹ̀. Bátìrì olómi tó bá ṣì wà ní 12.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó yín gbé. Èyí tó bá ti já sí 11.9 kéré, tàbí ó ti gbó. Lítíọ̀mù ṣòro láti fi fóòtì mọ̀, torí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílẹ̀ títí tó fi máa tán, ṣùgbọ́n bó bá ti wà lábẹ́ 12.8, díẹ̀ ló kù. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé fíríìjì kú lóru nígbà tí bátìrì olómi ṣì wà lókè 12.2, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ sórí bátìrì tàbí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ pààrọ̀ wáyà sí 6, ẹ yí H sí M, kí ẹ tún un dán wò lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Àwa ni tiyín,
Àwa oníṣẹ́ sólà kan ní Òkè-Ìlèwó,
Abẹ́òkúta